Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, driver ni kò sí: ẹ wá sọ tiyín

Ará Kàbà:
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní, àmọ́ láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń gbé wá bá mi ti fẹ́ pọ̀ ju ìwé lọ. Màmá kan tó jẹ́ tíṣà gbé tiwọn wọlé. Ẹnì kan ti bá wọn fi Windows tuntun sí i. Láti ìgbà náà Wi-Fi ò gbà mọ́, gbogbo lẹ́tà ojú ẹ̀rọ sì rí gbàgìdì-gbàgìdì. Onítọ̀hún ní káàdì Wi-Fi ti jóná, kí wọ́n lọ ra òmíràn ní Lọ́kọ́ja. Ọ̀nà Ọbajànà yẹn, pẹ̀lú gbogbo trélà ibẹ̀! Inú bí mi.

Mo ṣí Device Manager, ibi tí Windows ti ń to gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà. Àmì ìyanu aláwọ̀ yẹ́lò wà lára Network Controller, ìyẹn káàdì Wi-Fi náà, Code 28 ló kọ síbẹ̀. Ara mi balẹ̀. Ìyẹn ni pé Windows rí káàdì náà, driver rẹ̀ ni kò sí, ìyẹn ètò kékeré tí Windows fi ń bá káàdì ṣiṣẹ́. Káàdì tó bá kú pátápátá kì í sábà jẹ́ ìpè rárá.

Tí kọ̀ǹpútà bá tàn, káàdì kọ̀ọ̀kan á fi nọ́ńbà dárúkọ ara rẹ̀: VEN ni ẹni tó ṣe é, DEV ni irú rẹ̀. Ẹ lè rí i ní Properties, Details, Hardware Ids. Ti màmá ní VEN_10EC, ìyẹn Realtek. 8086 ni ti Intel. Windows á wá a láàárín àwọn driver tó ní, bóyá ọ̀kan kọ nọ́ńbà yẹn sára. Bí kò bá rí i, á fi káàdì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí Windows fúnra rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan rédíò inú rẹ̀. Driver ló mọ̀ ọ́n. Ti ojú ẹ̀rọ yàtọ̀: Microsoft Basic Display Adapter wà, driver gbogbogbòò tó kàn ń jẹ́ kéèyàn rí nǹkan. Òun ló sọ lẹ́tà di gbàgìdì.

Àmọ́ ẹni tí Wi-Fi rẹ̀ ò ṣiṣẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ wa driver Wi-Fi sílẹ̀? Mo fi wáyà so fóònù mi mọ́ ọn, mo tan USB tethering, kí kọ̀ǹpútà lè lo dátà fóònù. Windows ti ní driver ìyẹn nínú. Windows Update gbé driver méjèèjì wá, ti Wi-Fi àti ti ojú ẹ̀rọ. Dátà mi ni o! Màmá fún mi níṣu.

Tíṣà, Ìsánlú:
Ẹ kú iṣẹ́. Tiwa, printer àtijọ́ ni. Driver inú CD rẹ̀ jẹ́ 32-bit, irú ti àtijọ́, Windows inú kọ̀ǹpútà tuntun jẹ́ 64-bit. Ètò 32-bit lásán ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 64-bit, àmọ́ driver 32-bit, rárá. Kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan tí a fi Linux sí dípò Windows ló dá printer náà mọ̀ láìbèèrè CD.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ̀yin tó ń wa driver lórí ìkànnì ọ̀fẹ́, ẹ rọra o. Inú kernel gan-an, ìyẹn ọkàn Windows, ni ọ̀pọ̀ driver ti ń ṣiṣẹ́. Bí ètò lásán bá ṣubú, òun nìkan ni. Bí driver bá ṣubú, gbogbo kọ̀ǹpútà ló máa dúró, ojú ẹ̀rọ á yí búlúù. Ní 19 oṣù Keje 2024, fáìlì kan ṣoṣo tí CrowdStrike, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, fi ránṣẹ́ sí driver ààbò rẹ̀ dá kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 dúró. Ọkọ̀ òfurufú ò gbéra!

Ará Mopa:
Ẹ̀gbọ́n Kàbà, mo fẹ́ fọ láptọ́ọ̀pù tèmi lọ́la, kí n fi Windows tuntun sí i. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ará Kàbà:
Àbúrò, kó driver rẹ pa mọ́ ná. Ṣẹ̀dá fódà tó ń jẹ́ driver sórí flash, ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kọ èyí:
pnputil /export-driver * D:\driver
D ni flash tèmi; tìẹ lè jẹ́ E.