Peptide tó ń dí anticorps SP-B lọ́wọ́: kí ló máa ṣe fún mi gan-an?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àjàṣẹ́ ni mo wà. Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lórí SP-B, ọ̀kan nínú àwọn purotéènì mẹ́rin inú surfactant, ohun tí kì í jẹ́ kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ̀ mọ́ra tí a bá mí síta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Oyún oṣù méje ni wọ́n bí i, ọjọ́ méjì péré ló lò. Mo rí bí ìhà rẹ̀ ṣe ń wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣe Western blot ẹ̀dọ̀fóró eku, ìdánwò tí a fi ń fi anticorps wá purotéènì kan. Ìlà mẹ́ta ló yọ: ọ̀kan ní nǹkan bí 8 kDa (òṣùwọ̀n bí purotéènì ṣe tóbi tó), ọ̀kan ní 42, ọ̀kan ní 60. 8 nìkan ni mò ń retí. Ọ̀gá mi ní kí n ra blocking peptide. Ìgò náà kò ju àtàǹpàkò lọ, owó rẹ̀ sì tó owó ilé mi oṣù méjì. Ṣé SP-B ló máa dá dúró ni?

Ará Kétu

Àbúrò mi, kú ìrọ́jú. Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí irú rẹ̀ mọ́.

Kò kan SP-B rárá. Anticorps ló ń dí lọ́wọ́, ohun tí ara ń ṣe láti di nǹkan àjèjì mú, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní antibody. Peptide yẹn ni ègé purotéènì tí wọ́n fi gún ehoro kí ara rẹ̀ lè ṣe anticorps náà. Bí o bá pò wọ́n pọ̀ ṣáájú, òkèlè ti kún ẹnu anticorps, kò lè bu òmíràn lórí membrane, bébà tí àwọn purotéènì lẹ̀ mọ́.

Pín anticorps sí méjì. Fi peptide sí ọ̀kan, ìlọ́po márùn-ún ìwọ̀n anticorps. Fi buffer lásán, omi tí kò ní peptide, sí èkejì. Jẹ́ kí wọ́n sùn nínú fíríìjì, kí o wá lò wọ́n lórí membrane méjì láti ara gel kan náà (ohun tí a fi ya àwọn purotéènì sọ́tọ̀), ọjọ́ kan náà. Ìlà tó bá pa rẹ́, ègé yẹn ni anticorps fi dì í mú.

Má sì tíì sọ 42 nù o! Gígùn ni ara kọ́kọ́ ń ṣe SP-B, ní nǹkan bí 42 kDa, kó tó gé e dé 8. Tìrẹ lè jẹ́ òótọ́.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ yé. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi àwọn tó tà á pé ègé wo ni wọ́n lò. Èmi ra peptide tó wá láti apá ibòmíràn, membrane méjèèjì rí bákan náà, owó mi sì lọ. Bí odidi purotéènì ni wọ́n fi gún ehoro, peptide kan kò lè dí gbogbo ẹnu.

Pípa rẹ́ náà kọ́ ni òpin ẹjọ́: purotéènì míì tó ní ègé tó jọ ọ́ á pa rẹ́ pẹ̀lú. Fi ẹ̀dọ̀ eku kan náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀ kì í ṣe SP-B. Bí 60 bá yọ níbẹ̀, kì í ṣe tìrẹ. Tí o bá wá rà á, pín peptide sínú ọ̀pá kéékèèké kó tó wọ yìnyín. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ a máa bà á jẹ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti yẹ ìwé anticorps náà wò: ehoro ni, ègé láti apá tó kù lẹ́yìn gígé. Ẹ̀dọ̀ eku náà ṣì wà nínú yìnyín mi. Òun ni mo máa kọ́kọ́ ṣe ní Ọjọ́bọ̀, kí n tó na sẹ́fà kankan.