Àdáfẹ́ ni, kì í ṣe ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tó dábàá pé bí a bá ń túmọ̀ eré àwọn ará Japan sí Yorùbá, ká máa pe kataomoi wọn, ìyẹn ìfẹ́ tó wà lọ́kàn ẹnì kan ṣoṣo, ní "ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀", ṣùgbọ́n mi ò lè fara mọ́ ọn. Bí Yorùbá bá gbọ́ ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀, èèyàn méjì ló ń wá sí i lọ́kàn: wọ́n ti gbà fún ara wọn, àwọn ará ilé ni ò mọ̀. Kataomoi kò rí bẹ́ẹ̀. Kata ni ẹ̀gbẹ́ kan nínú ohun méjì, omoi ni èrò ọkàn. Ẹnì kan ló ń fẹ́. Ẹnì kejì lè má tilẹ̀ fura.

Ẹ wo ìpín keje Yagate Kimi ni Naru, eré àwòrán tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018 láti inú ìwé Nakatani Nio. Ilé kọfí kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé. Miyako tó ni ilé kọfí àti Riko, olùkọ́ nílé ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú eré náà ń lọ, ń fẹ́ra, wọn kò sì pariwo rẹ̀ síta. Ìyẹn gan-an ni ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀. Sayaka, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, tó fura sí wọn, tó fẹ̀sọ̀ bi Miyako léèrè, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Touko, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ló gbé sọ́kàn. Touko sì rèé, gbogbo ẹni tó bá dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́ ló ń dá padà. Sayaka bá pa ẹnu mọ́, ó ń ṣe igbákejì fún un nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe ti Miyako àti ti Sayaka, kí ni òǹwòran fẹ́ rí mú níbẹ̀?

Àdáfẹ́ ni mo dábàá, bí a ṣe ń sọ àdáṣe àti àdáni. Ẹni tó ń ṣe é á jẹ́ adáfẹ́, bí adágbé: "Sayaka ń dá Touko fẹ́." Ẹnì kan ti ní fẹ́ túmọ̀ sí gbéyàwó, pé èèyàn ò lè dá gbéyàwó. Òótọ́ ni, àmọ́ inú fẹ́ yìí náà ni ìfẹ́ àti fẹ́ràn ti jáde, kò sì sẹ́ni tó ń rò ó pé ìyàwó ló wà nínú wọn.

Yuri, orúkọ tí wọ́n ń pe irú ìtàn ìfẹ́ obìnrin sí obìnrin bí èyí, ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Orúkọ òdòdó lílì ni, ní 1976 sì ni olóòtú Barazoku, ìwé ìròyìn àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ní Japan, fi pe àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin.

Ṣùgbọ́n lórí kokuhaku, ìyẹn kí èèyàn sọ fún ẹni tó wù ú pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká lo "ìjẹ́wọ́". Olè ló ń jẹ́wọ́, ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń jẹ́wọ́. A ti ní "dẹnu ìfẹ́ kọ". Wọ́n ní ọkùnrin nìkan ló ń ṣe é. Àṣà ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò dárúkọ ọkùnrin. Ní ìpín kìíní, ọmọkùnrin kan ti sọ fún Yuu, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mìíràn nínú eré náà, pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ìpín náà tó parí, Touko di ọwọ́ Yuu mú, ó ní ó jọ pé ìfẹ́ rẹ̀ fẹ́ kó sí òun lórí. Kí ló dé tí ọmọkùnrin yẹn á fi dẹnu ìfẹ́ kọni, tí Touko á wá máa jẹ́wọ́?