Amíbà mi ń kóra jọ sójú kan títí ìṣirò fi bú: ṣé kóòdù ni àbí ìdọ́gba?

OmoIsiro béèrè:

Ẹ̀yin àgbà ibí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdọ́gba Keller–Segel ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì, èyí tó ń ṣàlàyé bí sẹ́ẹ̀lì, irú bí amíbà, ṣe ń tọ kẹ́míkà lọ. Apá méjì ló ní. Àkọ́kọ́ ní sẹ́ẹ̀lì ń rìn gbéregbère káàkiri, síbẹ̀ ibi tí kẹ́míkà bá ti pọ̀ ń fà á. Èkejì ní àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn náà ló ń tú kẹ́míkà ọ̀hún jáde, tó ń tàn ká, tó sì ń ṣá díẹ̀díẹ̀.

Mo fi Python, èdè kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ sórí pátákó onígun mẹ́rin, mo pín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí ojú àwọ̀n 100. Mo fọ́n sẹ́ẹ̀lì ká, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo. Òkìtì kéékèèké kọ́kọ́ hù síbí sọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, wọ́n dà pọ̀, wọ́n wọ́ lọ sí igun kan, nọ́ńbà ibẹ̀ sì ga fíofío títí ìṣirò fi dúró. Mo rò pé ojú àwọ̀n ló fẹ̀ jù, mo sọ ọ́ di 200. Ńṣe ni góńgó náà tún ga ní ìlọ́po mẹ́rin! Alábòójútó mi ní kí n wá àṣìṣe inú kóòdù, mo ti wá a títí, n kò rí i. Ẹ dákun, ẹ gbà mí.

MamaIsiro dáhùn:

Ọmọ mi, má tíì fọwọ́ kan kóòdù yẹn. Ro gbogbo sẹ́ẹ̀lì orí pátákó pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí o tún rò ó pọ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó dúró. Bí àròpọ̀ méjèèjì bá bára mu, tí nọ́ńbà ojú àwọ̀n kankan kò sì wọ ìsàlẹ̀ òdo, kóòdù rẹ kò jẹ̀bi. Ìdọ́gba náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlọ́po mẹ́rin tí o rí yẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú: bí gbogbo wọn bá ti há sínú ojú àwọ̀n kan ṣoṣo, tí o wá gé ẹ̀gbẹ́ ojú náà sí ìdajì, ààyè ibẹ̀ á ku ìdá kan nínú mẹ́rin, góńgó á sì ga ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1970 ni Evelyn Fox Keller àti Lee Segel gbé ìdọ́gba náà jáde. Ní 1981, Childress àti Percus ti rí i pé lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, iye sẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ ààlà. Jẹ́ kí n fi ààlà yẹn hàn ọ́, torí ó dùn ún wò.

Mú ẹ̀dà tó rọrùn jù: ilẹ̀ tí kò ní ògiri, gbogbo nọ́ńbà inú ìdọ́gba jẹ́ 1, kẹ́míkà sì ń tàn lójú ẹsẹ̀. Pe àròpọ̀ sẹ́ẹ̀lì ní M. Wọn bí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí àárín tó, sọ iye yẹn di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí o wá ro ti gbogbo wọn pọ̀. Pe èyí ní I. Bí I ṣe ń yí padà kò ju 4M − M²/(2π) lọ. Bí òkìtì ṣe rí kò sí níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí M bá jẹ́ 20, o máa rí nǹkan bíi +16: wọ́n ń tàn ká. Bí M bá jẹ́ 30, ó di nǹkan bíi −23: I ń wálẹ̀, kò sì ní dẹwọ́. Bẹ́ẹ̀ I kò lè wọ ìsàlẹ̀ òdo láéláé! Nítorí náà, kí I tó já òdo kọjá, ìdọ́gba gbọ́dọ̀ ti bú, ìyẹn ni pé góńgó ti ga láìlópin. Ààlà náà ni 8π, nǹkan bíi 25.13.

Bí àwọn nọ́ńbà rẹ kì í bá ṣe 1, sọ M di púpọ̀ pẹ̀lú agbára ìfà àti ìyára tí sẹ́ẹ̀lì fi ń tú kẹ́míkà, kí o fi ìyára títàn ti sẹ́ẹ̀lì àti ti kẹ́míkà pín in.

Ti igun ńkọ́? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìdajì òkìtì ti tó láti bú, ìyẹn 4π. Ní igun pátákó rẹ, ìdá kan nínú mẹ́rin ti tó: 2π, nǹkan bíi 6.28 péré. Ibi tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù ni wọ́n gbà lọ.

AmibaLoju dáhùn:

Ẹ kú àlàyé, Mà. Àbúrò, ẹ̀dá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ ìdọ́gba yìí, Dictyostelium, irú amíbà kan, òun ni mo ń sìn nínú láàbù. Bakitéríà inú ilẹ̀ ló ń jẹ. Bí oúnjẹ bá tán, wọ́n á máa tú kẹ́míkà tó ń jẹ́ cAMP, á máa jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà-mẹ́fà síra. Èyí tó bá gbọ́ ìró rẹ̀ á wọ́ síbẹ̀, á sì tú tirẹ̀ náà. Lábẹ́ maikirosikópù, o máa rí ìgbì tó ń yí bírí bírí lórí àwo, kí wọ́n tó to ara wọn wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ sí àárín. Wọ́n lè tó 100,000 nínú òkìtì kan. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún á kú kí wọ́n lè di igi tó gbé irúgbìn yòókù sókè. Keller sì tẹnu mọ́ ọn pé kò pọn dandan kí olórí kankan wà láàárín wọn tó ń pè wọ́n jọ. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n amíbà ní ara, nǹkan bíi 10 µm (ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà). Méjì kò lè jókòó sójú kan náà. Ìdọ́gba tìrẹ kò mọ èyí. Thomas Hillen àti Kevin Painter ti wá ọ̀nà sí i: sọ apá ìfà di púpọ̀ pẹ̀lú (1 − u/u_max); u ni bí sẹ́ẹ̀lì ṣe pọ̀ tó lójú kan, u_max sì ni èyí tó pọ̀ jù tí ibẹ̀ lè gbà. Bí ibì kan bá ti kún, ìfà ibẹ̀ á kú.

OmoIsiro:

Ẹ ṣé gan-an ni. Àròpọ̀ bára mu, kò sí èyí tó wọ ìsàlẹ̀ òdo! Ṣé kí n kúkú pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, kí n lo ti Hillen àti Painter nìkan?

MamaIsiro:

Rárá o. Fi méjèèjì síwájú alábòójútó rẹ. Ya góńgó wọn sórí àwòrán kan, kí ojú àwọ̀n jẹ́ 50, 100, 200: ti àkọ́kọ́ á máa ga ní ìlọ́po mẹ́rin-mẹ́rin, ti èkejì á dúró sábẹ́ u_max. Lẹ́yìn náà, dín M (lẹ́yìn tí o bá ti ṣe ìsọdipúpọ̀ àti pínpín tí mo sọ lókè) kù sí 6, tí kò tó 2π, nínú ti àkọ́kọ́, má yí ohun mìíràn padà. Kò ní bú.