Ọmọ mi fẹ́ wọ portal, ẹ bá mi dá sí i o

Màmá Dallas: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ káàárọ̀. Orí mi ti dàrú. Àkọ́bí mi tó ti Ìbàdàn wá gbá basketball kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínṣì mẹ́wàá, orí bẹ́ǹṣì ló wà látìgbà tí sísìn ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e wọlé, kò ní tíì làágùn tó fi máa gba foul mẹ́ta. Kóòṣì ní kó ṣe redshirt lọ́dún tó ń bọ̀, ìyẹn ni pé kó máa bá wọn dánra wò láìgbá géèmù. Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní aṣojú ń pè é lóru pé kó wọ portal, ìwé orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ yí iléẹ̀kọ́ padà, kó tó tì lọ́jọ́ Ẹtì. Bàbá ẹ̀ ní kó wọ̀ ọ́. Èmi ò mọ èyí tí mo máa ṣe.

Bọ̀dá Houston: Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, kó ṣe redshirt. Hakeem Ọlájùwọ̀n dé Yunifásítì Houston ní 1980, kò gbá géèmù kankan lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pọ́íǹtì mẹ́jọ àti díẹ̀ ló ń jẹ. Fonde, gbọ̀ngàn basketball kan níbí, ló sọ ọ́ di èèyàn, níbi tí Moses Malone, ọ̀gá nínú NBA, ti ń fi èjìká tì í káàkiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú draft, ìgbà tí NBA ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun. Jordan ṣe ìkẹta! Ọmọ tó bá ga, ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́. Handball àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tó gbá l'Ékòó ló fún Ọlájùwọ̀n ní ẹsẹ̀ yẹn.

Àǹtí Atlanta: Bọ̀dá, ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀ lẹ ń sọ. Kóòṣì tó ń sọ redshirt lónìí lè ti máa bá big man míì, agbábọ́ọ̀lù gíga bíi tiẹ̀, sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ọdún kan péré ni Rueben Chinyelu, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, lò ní Washington State. Ó gba portal lọ Florida, wọ́n sì gba ife kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 2025.

Bàbá Ìbejì Chicago: Ẹ dúró ná. Àbúrò ìyàwó mi wọ portal láìsọ fún ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè. Iléẹ̀kọ́ tó wà gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, èyí tó sì ń ṣèlérí lórí fóònù ò fi bébà kankan ránṣẹ́. Èmi ni mo sanwó sẹ́mẹ́sítà yẹn, gbèsè ẹ̀ ṣì wà lórí káàdì mi. Màmá, kí DSO ẹ̀, òṣìṣẹ́ iléẹ̀kọ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ F-1, mọ̀ kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Kí lẹ́tà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ibi tuntun wà lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó gbé SEVIS ẹ̀, àkọsílẹ̀ ìjọba lórí akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè, kúrò. Ibẹ̀ ni I-20 tuntun, ìwé iléẹ̀kọ́ tó gbé F-1 ró, ti máa jáde. Kó má sì lọ kí ará Ìbàdàn kó tó rí I-20 yẹn gbà.

Màmá Dallas: Háà. Ó kù díẹ̀ o. Ó ya fọ́tò fún ilé oúnjẹ àwọn ará wa kan, wọ́n gbé e sí Instagram, wọ́n sì fi 300 dọ́là ránṣẹ́ sí i. Ṣé kò burú?

Ẹ̀gbọ́n Maryland: Ó BURÚ! Oscar Tshiebwe, ọmọ Congo tó ń gbá fún Kentucky, tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 2022, ìgbà tí Kentucky lọ Bahamas ló tó rí ìpolówó ṣe, torí físà ò jẹ́ kó ṣe é ní Amẹ́ríkà. Owó NIL, tí agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì ń gbà lórí orúkọ àti àwòrán ara ẹ̀, wà lóòótọ́ láti 2021, àmọ́ F-1 ò mọ ìyẹn. Iṣẹ́ inú ọgbà iléẹ̀kọ́, wákàtí 20 lọ́sẹ̀, ìyẹn ni tiwọn.

Àǹtí Atlanta: 300 dọ́là! Ọmọ rẹ́rìn-ín síwájú abọ́ ìrẹsì, ẹ ní ó ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Maryland: Àwọn aṣọ́bodè ò béèrè bóyá ó rẹ́rìn-ín.

Bọ̀dá Houston: Kó dá owó padà, kí wọ́n yọ fọ́tò.

Bàbá Ìbejì Chicago: Kó má yọ nǹkan kan! Ẹni tó ń pa nǹkan rẹ́ ló ń jọ ẹni tó jalè. Agbẹjọ́rò físà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí.

Bọ̀dá Houston: Kí fọ́tò wà níbẹ̀ kí gbogbo ayé máa wò ó? Chicago, ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i o.

Àbúrò Peckham: Ẹ jọ̀ọ́, foul mẹ́ta yẹn ńkọ́? Ẹ ní kó fò sókè tààrà, kó na ọwọ́ méjèèjì sókè, kó má sọ ọ́ kalẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lórí. Free throw ẹ̀, bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń jù lẹ́yìn foul, dáa?

Màmá Dallas: Bí ẹni ń sọ òkò lu máńgòrò ni.

Àbúrò Peckham: 😂😂 Kò sí portal tó ń wo ìyẹn sàn.

Bọ̀dá Houston: Ẹ mú un wá sọ́dọ̀ wa. Houston là á ti ń kọ́ big man.

Ẹ̀gbọ́n Maryland: Houston wo? Àṣekágbá kọ́lẹ́ẹ̀jì 1984, Georgetown 84, Houston 75. Patrick Ewing, ọmọ Georgetown, ní ká kí yín.

Àǹtí Raleigh: Mo kàn ń kọjá lọ ni o. Àṣekágbá 1983. NC State tiwa 54, Houston 52. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́.

Bọ̀dá Houston: Ewing yín náà ni Ọlájùwọ̀n àti Rockets wa tún bá pàdé ní àṣekágbá NBA 1994. Géèmù méje. Ta ló gbé ife relé? Ní 1995 a tún gbé òmíràn.

Àǹtí Atlanta: Àṣekágbá kọ́lẹ́ẹ̀jì 2025, Florida 65, Houston 63. Ó ṣì gbóná.

Bàbá Ìbejì Chicago: Ẹ máa pariwo. Rowe Park, Yábàá, ni mo ti kọ́ tèmi. Kọnkéré lásán, bí o bá ṣubú, orúnkún á bó. Bàtà kan là ń yá ara wa, ẹni tó bá jáde á bọ́ ọ sílẹ̀ fún ẹni tó ń wọlé, ó máa ń gbóná, á sì rin gbingbin fún òógùn. Màá fi gbogbo pápá ìṣeré onígi tó wà ní Chicago ra ìrọ̀lẹ́ kan níbẹ̀.

Àbúrò Peckham: Ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́nu géètì ńkọ́?

Bàbá Ìbejì Chicago: Má dá ọgbẹ́ sí mi lára.

Màmá Dallas: Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Ẹtì ni o. Kó wọ̀ ọ́ àbí kó má wọ̀ ọ́?

Àǹtí Atlanta: Kó wọ̀ ọ́.

Bọ̀dá Houston: Kó má wọ̀ ọ́ o! Àti pé àkàrà Bissonnet níbí ní Houston dùn ju ti Rye Lane yín ní Peckham lọ.

Àbúrò Peckham: Irọ́ ńlá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀wà inú agolo dín in?

Bọ̀dá Houston: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ẹ̀wà olóyin là ń lò. Wá jẹ ẹ́ kó o tó fẹnu tẹ́ ẹ.