Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mọ́tò tó ń gbóná: a ti dé Àbújá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mo bèèrè nípa mọ́tò wa ọdún 1999 tó ń gbóná tó bá ń gun òkè, tí omi rádíétọ̀ rẹ̀ ń dín láìsí ibi tó ti ń jò sílẹ̀, tí a sì fẹ́ fi kó kúrò n'Íbàdàn lọ sí Àbújá.

Ìdérí rádíétọ̀ tuntun ṣe díẹ̀: kò gbóná mọ́ nínú ìlú, ṣùgbọ́n omi ṣì ń lọ. Nínú ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn, ẹni tó sọ pé top gasket ló bàjẹ́, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, òun ló gbà á. Nígbà tí a yọ àwọn plug tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, ti sílíńdà kejì mọ́ tónítóní bí ẹni pé wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, àwọn tó kù dúdú. Ibẹ̀ ni gasket ti jó, tí omi ń wọlé. Ẹ má kàn pààrọ̀ gasket o. A gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ síbi tí wọ́n ti ń fá a kó lè tẹ́jú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó wọ igbó.

Mo tún dá thermostat tí wọ́n ti yọ tipẹ́ padà, ìyẹn ohun tó ń ṣí ọ̀nà omi sí rádíétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó. Mẹkáníìkì ráhùn, ó ní oòrùn ilẹ̀ wa kò gba irú ẹ̀. Mo dá a padà ṣáá.

A gba Òkene àti Lọ́kọ́ja kọjá, ọwọ́ tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn níwájú awakọ̀ kò kọjá àárín. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé ẹrù wúwo, bí ẹ ṣe dá a lábàá. Ẹ ṣeun.

Ó ku AC: tí mo bá tàn án lórí òkè, ọwọ́ náà ṣì ń sún sókè. Fáànù ni mo fura sí.