Èéhù ni, kì í ṣe ilé-ìwé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé kí la máa pe àwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ń tọ́ dàgbà lábẹ́ ara rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní akádẹ́mì. Ọ̀gá wa kan ní "ilé-ìwé bọ́ọ̀lù" ti tó. Ará Ìjẹ̀bú-Òde kan ní "régbérégbé", orúkọ tí Ìjẹ̀bú ń pe ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ló yẹ ká mú, kí ọ̀rọ̀ náà lè ti ilé wa jáde.

Ẹ má bínú, èmi ò fara mọ́ ilé-ìwé rárá. Ìyá kan ní Ìlíṣàn ló là mí lójú. Mo ní wọ́n ń yẹ àwọn ọmọ wò fún ilé-ìwé bọ́ọ̀lù. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni iye owó ilé-ìwé àti kíláàsì tí ọmọ òun máa wọ̀. Kò jẹ̀bi, ohun tí mo sọ ló gbọ́. Òbí ló ń sanwó ilé-ìwé. Níbi tí mò ń wí yìí, ẹgbẹ́ ló ń náwó, ó ń retí kí ọmọ náà gòkè sínú ẹgbẹ́ àgbà tàbí kí wọ́n tà á. Òfin FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ìdá 5 nínú 100 owó rẹ̀ ni wọ́n ń pín fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Tíṣà wo ló ń gba irú ẹ̀ lọ́wọ́ báńkì tó gba akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ síṣẹ́? (Ì bá wù mí o.)

Régbérégbé dùn lẹ́nu, ọmọ Ìjẹ̀bú lèmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún Ojúde Ọba: àwọn arúgbó ń bá ẹgbẹ́ wọn jó lọ kí Awùjalẹ̀, aṣọ kan náà lọ́rùn gbogbo wọn. Ìgbà tí a bí ọ ló fi ọ́ sínú régbérégbé, ibẹ̀ lo máa wà títí wọ́n á fi sin ọ́. Ti bọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2009, Ìjẹ̀bú-Òde wà lára ìlú tó gbàlejò ìdíje àgbáyé àwọn tí ò ju ọdún 17 lọ. Àwọn ọmọ ọjọ́ náà ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Ta ló tún ń kà wọ́n mọ́ ọmọdé?

"Ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́" tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń lò sàn jù wọ́n lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sọ ọmọ ta ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká yọjú sí ilé ẹlòmíràn. Cantera ni Sípéènì ń pè é, ibi tí a ti ń wa òkúta. La Masia tí Barcelona sọ di ibùgbé àwọn ọmọ ní 1979, ilé oko ni lédè Kàtálánì. Jámánì ní Nachwuchs, ohun tó hù tẹ̀lé ti ìṣáájú. Akádẹ́mì fúnra rẹ̀, orúkọ ọgbà igi kan lẹ́yìn odi Áténì ni kí Plato, amòye ìlú náà, tó lọ ń kọ́ni níbẹ̀.

Ti Jámánì yẹn ló mú mi rántí èéhù iṣu. Èéhù kì í dá wà. Ara iṣu ló ti ń yọ, a sì mọ iṣu tó ni ín. "Ẹgbẹ́ èéhù", ó tán. Ẹnì kan á ní ṣebí à ń ṣẹ́ èéhù dànù kí iṣu má baà bàjẹ́. Òótọ́ ni. "Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀" ì bá tiẹ̀ sàn jù níbi yẹn, torí à ń hú u lọ gbìn sóko ẹlòmíràn, àbí kí ni títà? Ṣùgbọ́n ẹ pe ọmọkùnrin kan ní ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní pápá Ṣàgámù, kí ẹ wá wo bí wọ́n á ṣe fi ṣẹ̀sín tó.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Beyond Limits ní Ìkẹ́nnẹ́ ló fẹ́ dà mí láàmú. Abẹ́ Remo Stars, tó gba ife líìgì Nàìjíríà ti 2024/2025, ló wà, síbẹ̀ ó ní orúkọ tirẹ̀, ó sì ti bá àwọn àgbà du máàkì nínú líìgì kejì. Èmi á ṣì pè é ní èéhù, èéhù tí wọ́n ti gbìn sí ebè tirẹ̀.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù fún mi. Bí ọmọ náà bá gòkè, ó wù mí kí n kọ ọ́ pé "ó ta", bí iṣu ṣe ń ta. Àwọn ìwé ìròyìn wa sì rèé, wọn kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀: báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ńṣe ni ọmọ náà ta bí iṣu, tàbí wọ́n tà á?