Agbaṣẹ́ṣe fi ilé mi sílẹ̀ ní Yaba: ṣé kí n lé e ni àbí kí n pẹjọ́?

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń kọ́ sí Yaba. Agbaṣẹ́ṣe ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó, ibi decking, ìyẹn kọnkéré tó máa gbé òkè ró, ló bá iṣẹ́ dé tó fi dúró. Ó ní sìmẹ́ńtì ti wọ́n, kí n fowó kún un. Àbúrò mi ti rí ẹlòmíì tó máa parí ẹ̀. Ṣé kí n lé ti àkọ́kọ́ lọ?

Ọmọ Mushin, Toronto: Ẹ fọlọ́pàá mú un! Alẹ́ ọjọ́ kan ló máa sùn ní àgọ́, owó á jáde.

Lọ́yà Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ má gbọ́ tiẹ̀, Ìyá Ìbejì. Police Act 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn ò lè torí àdéhùn tí ẹnìkan yẹ̀ mú un. Tí ẹ bá mú un, òun ló máa pè yín lẹ́jọ́.

Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ilé yẹn náà. Ẹjọ́ ilé kíkọ́ ni mo fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Law School. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni kéèyàn ní ẹ̀tọ́ kó má ní ẹ̀rí. Bí agbaṣẹ́ṣe kejì bá ti da kọnkéré bo irin tó tẹ́ sílẹ̀, ta ló máa mọ ibi tí iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ parí sí?

Ẹ wá QS (quantity surveyor, ẹni tó ń wọn iṣẹ́ ilé tó sì ń ṣírò iye rẹ̀) tí kò bá ẹnì kankan nínú yín tan, kó lọ wọn iṣẹ́ náà. Kó wo irin tó yọ sókè lórí òpó, bóyá 16 mílímítà tí ẹ sanwó fún ni àbí 12 ni wọ́n kì síbẹ̀. Kó ka búlọ́ọ̀kù tó kù nílẹ̀, kó ya fọ́tò. Ẹ kọ lẹ́tà sí agbaṣẹ́ṣe pé ọjọ́ báyìí ni wọ́n máa wọ̀n ọ́n, kó wá tàbí kó rán èèyàn. Bí kò bá wá, lẹ́tà yẹn ti di ẹ̀rí.

Ẹ tún wo ìwé àdéhùn yín. Tí arbitration, ìyẹn pé ẹni tí ẹ jọ yàn ni kó dá ẹjọ́ yín dípò kóòtù, bá wà níbẹ̀ tí ẹ sáré lọ sí kóòtù, lọ́yà tiẹ̀ á ní kí adájọ́ dá ẹjọ́ dúró. Tí kò bá sí, Lagos Multi-Door Courthouse ni èmi á kọ́kọ́ gbé e lọ. Láti 2002 ni wọ́n ti ń làjà níbẹ̀, àdéhùn tí adájọ́ wọn bá sì fọwọ́ sí ti di ìdájọ́.

Ọmọ Surulere, Peckham: Ẹ dákun sà, WhatsApp nìkan lèmi àti tèmi fi ṣàdéhùn. Ṣé ó ti tán nìyẹn?

Lọ́yà Ìsàlẹ̀ Èkó: Kò tán, àbúrò. Evidence Act 2011 gba irú ẹ̀ wọlé, bí ìwé ẹ̀rí tó yẹ bá tẹ̀ lé e. Má pa ohunkóhun rẹ́, má sì ta fóònù yẹn. Ọdún 6 ni òfin Èkó fún ẹ láti pẹjọ́ lórí àdéhùn, má sùn lé e.

Ìyá Ìbejì, Houston: Àbúrò mi ńkọ́? Òun ló máa dúró fún mi.

Lọ́yà Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ ṣe power of attorney, ìwé tó fún un láṣẹ láti ṣojú yín, kí ẹ fọwọ́ sí i níwájú notary, ẹni tí òfin yàn láti jẹ́rìí sí ìwé, ní Houston níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé kó bójú tó ilé, kó sì pẹjọ́. Ẹ má kọ ọ́ pé kó tà á. Mo mọ̀ pé àbúrò yín ni o, ṣùgbọ́n àwọn àbúrò pọ̀ nínú fáìlì mi.

Ìyá Ìbejì, Houston: Háà! Mo ti gbọ́ sà, ẹ ṣeun. Màá ní kí wọ́n ti géètì lónìí. Ta ló mọ QS tó ṣeé fọkàn tán ní Yaba, ẹ jọ̀ọ́?